Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ pápá? Ohun tí kíkó lọ sí pápá ìṣeré tuntun ń ṣe fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì, lè dé pápá ìṣeré mẹ́ta lójú ọ̀nà Agége kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ bá gba Muṣin lọ sí Ojúẹlẹ́gba, Súrùlérè ló máa já sí. Ibẹ̀ ni pápá ìṣeré àpapọ̀ tí ìjọba kọ́ fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti ọdún 1973 wà, pápá Teslim Balogun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2007 sì wà nítòsí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọrí sí Ìkẹjà, yóò gbé e dé Agége, níbi tí pápá kẹta wà. Àmọ́ bí ẹnì kan bá béèrè pé kíláàbù wo ló fi èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ilé, ilé gidi tó dá lójú, ìdáhùn kò ní tètè wá. Àwọn tó ń jiyàn bọ́ọ̀lù ní Òṣòdì lè sọ bí Arsenal ṣe kúrò ní Highbury láìwo ìwé. Ti Èkó ló ṣòroó sọ, nítorí àwọn kíláàbù ìlú yìí kì í kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn. Wọ́n kàn ń ṣí kiri ni. Èrò tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn níbí ni pé pápá tuntun fúnra rẹ̀ kì í sọ kíláàbù di ńlá, kì í sì í bà á jẹ́. Ohun tó ń pinnu ni àṣẹ tí kíláàbù ní lórí ibi tó kó lọ: ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání, ta ló ń dá ọjọ́ ìgbáradì, àpò ta ni owó ẹnu ọ̀nà ń wọ̀, ṣé àwọn alátìlẹ́yìn sì lè débẹ̀ láì jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé kíkó lọ máa ń dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo eléré ló mọ̀ pé ẹgbẹ́ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé máa ń borí ju ẹgbẹ́ tó wá ṣe àlejò lọ. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Richard Pollard gbé ìwádìí jáde lọ́dún 2002 lórí ẹgbẹ́ eléré ìdárayá 37 ní Àríwá Amẹ́ríkà, àwọn tó ń gbá baseball, basketball àti hockey orí yìnyín, tí wọ́n kó lọ sí ilé tuntun láàárín ìlú kan náà. Ó ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún àǹfààní tí wọ́n ń rí nílé ló bá kíkó náà lọ. Ìlú ò yí padà, alátìlẹ́yìn ò yí padà, ibi tí wọ́n ti ń gbá a nìkan ló yí padà. Ìyẹn ni pé ilé àtijọ́ ti mọ́ eléré lára: ó mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta, ó mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọ̀, ó mọ ìwọ̀n àyè tó wà lẹ́yìn ìlà. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Jan van Ours rí i pé àwọn kíláàbù tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí kóríko àtọwọ́dá ń jèrè ilé ju àwọn tó kù lọ, nítorí pé ara tiwọn ti mọ́ ọn, ti àlejò kò mọ́ ọn. Líìgì àgbà wọn ti fòfin de irú kóríko bẹ́ẹ̀ láti sáà 2025/26.

Ọ̀ràn náà kò tán sórí pápá nìkan, ọwọ́ èrò ìwòran àti rẹfirí náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà lé èrò kúrò ní pápá lọ́dún 2020, tí Jámánì tún líìgì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù Karùn-ún láìsí òǹwòran, ẹgbẹ́ onílé bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó yẹ ìwé wò káàkiri Yúróòpù rí i pé rẹfirí dín káàdì tí wọ́n ń fún àlejò kù. Kí ọmọ Nàìjíríà rántí líìgì tiwa níbí, níbi tí kíláàbù tó bá lọ jáwé olúborí nílé ẹlòmíì ti máa ń di ìròyìn. Bí ìrìn àjò ojú pópó ṣe gùn tó, tí ariwo èrò sì ń dẹ́rù ba rẹfirí, àǹfààní ilé níbí kì í ṣe ohun kékeré. Nítorí náà, kíláàbù wa tó bá sọ ilé nù ń sọ ohun tó pọ̀ ju ti kíláàbù Yúróòpù nù. Ṣùgbọ́n ìpalára tí Pollard ṣírò, ti àìmọ̀bi lásán, kò yẹ kó pẹ́, ìyẹn bí kíláàbù bá rí àyè gbára dì níbẹ̀ lójoojúmọ́. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Arsenal ni gbogbo ènìyàn máa ń mú wá bí àpẹẹrẹ, ó sì yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa nítorí wọ́n sábà máa ń kà á sódì. Wọ́n ti wà ní Highbury láti 1913, pápá tí kò gbà ju nǹkan bí 38,000 ènìyàn lọ. Lọ́dún 2006 wọ́n kó lọ sí Emirates tó gba ju 60,000 lọ, owó tí wọ́n ń pa lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì lọ ní sáà àkọ́kọ́. Síbẹ̀, láti ife FA ọdún 2005, wọn ò tún gba ife ńlá kankan títí di 2014. Ẹni tó bá sọ pé Emirates kò lóríire ń sọ ìtàn alẹ́ ni. Gbèsè ilé ló mú wọn so àpò wọn pọ̀, tí Thierry Henry fi lọ lọ́dún 2007, tí Fàbregas lọ lọ́dún 2011, tí van Persie sì gba ilé Manchester United lọ lọ́dún 2012, lákòókò kan náà tí owó Abramovich àti ti Abu Dhabi ń wọlé sí Chelsea àti Manchester City. Onílé ni Arsenal lóòótọ́, àmọ́ onílé tó ṣì ń san owó bíríkì ni. Nígbà tí gbèsè fúyẹ́, agbára ilé náà fara hàn.

Ti Juventus dùn mọ́ mi ju ti Arsenal lọ, nítorí pé pápá tó kéré ju ti àtijọ́ wọn lọ ni wọ́n kọ́. Delle Alpi tí Ítálì kọ́ fún ife àgbáyé 1990 gba nǹkan bí 69,000, ọ̀nà eré sísá sì yí i ká débi pé ọ̀pọ̀ èrò ń wo bọ́ọ̀lù lókèèrè, bí wọ́n bá tilẹ̀ wá. Lọ́dún 2011 wọ́n wọ ilé tiwọn lórí ilẹ̀ kan náà, nǹkan bí 41,000 péré. Ipò keje ni wọ́n wà ní sáà méjì tó ṣáájú rẹ̀. Láti 2012 sí 2020, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, àwọn nìkan ló gba líìgì. N kò ní sọ pé ilé ló ṣe gbogbo rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Antonio Conte, dé ní ọdún kan náà. Ohun tó dájú ni pé pápá kékeré tó kún dẹ́nu, tí kíláàbù sì ń pa owó orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, sàn ju gbọ̀ngàn ńlá tó ṣófo lọ.

Ìbàdàn ti rí irú rẹ̀ ṣáájú Juventus. Pápá Liberty, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí lọ́dún òmìnira 1960, ni ilé IICC Shooting Stars nígbà tí wọ́n gba ife àwọn olúborí ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976, kíláàbù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ adúláwọ̀. Nígbà tó yá, pápá náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, tó tún sọ ọ́ ní pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 2010. Lópin àwọn ọdún 1980 ni Shooting Stars bẹ̀rẹ̀ sí í fi Adamásìngbà ṣe ilé, pápá tó wá ń jẹ́ orúkọ Lékan Sàlámì. Nǹkan bí 10,000 ló gbà, kò tó Liberty rárá. Àmọ́ àárín ìgboro ló wà, ẹni tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ tàbí tó ń gbé Mọ́kọ́lá lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ǹjẹ́ ilé kékeré yìí pa wọ́n? Rárá o. Wọ́n gba ife CAF lọ́dún 1992 nígbà tí wọ́n na Villa ti Uganda 3-0 ní Ìbàdàn, wọ́n gba líìgì lọ́dún 1995 àti 1998, wọ́n sì dé àṣekágbá ìdíje kíláàbù àgbà ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1996, tí Zamalek ti Íjíbítì fi pẹ́nárítì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìṣubú tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n fi ń jábọ́ kúrò ní líìgì àgbà tí wọ́n sì ń padà, kò ti ara pápá wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà ló ni kíláàbù, òun náà ló ni pápá, bí owó ìjọba bá sì gbẹ, méjèèjì ló ń gbẹ pọ̀.

Ibi yìí ni ẹnì kan ti lè bi mí pé: bí àṣẹ lórí pápá bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe owó olówó lásán ni Remo Stars fi dé ibi tó wà? Ìbéèrè tó dára ni. Kúnlé Ṣónámẹ̀ ló dá kíláàbù náà sílẹ̀, ó sì ní owó lóòótọ́. Nígbà kan, pápá Gateway tí ìjọba kọ́ sí Ṣágámù ni wọ́n ń lò. Wọ́n wá kọ́ tiwọn sí Ìkẹ́nnẹ́, pápá kékeré, pẹ̀lú ibi ìgbáradì àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n padà sí líìgì àgbà lọ́dún 2021, wọ́n ṣe ipò kẹta, wọ́n ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní sáà 2024/25. Owó wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ àwọn olówó tó ti ná owó sórí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà kì í ṣe ẹyọ kan. Israel Adébàjọ̀ ló dá Stationery Stores sílẹ̀ l'Ékòó, kíláàbù tí èrò ń tẹ̀ lé ju gbogbo kíláàbù ìlú yìí lọ, tó dé àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1981, tó sì gba líìgì lọ́dún 1992. Adébàjọ̀ kú lọ́dún 1969. Orúkọ àti èrò ló fi sílẹ̀, kò sí pápá kankan tí kíláàbù lè pè ní tirẹ̀. Nígbà tí ìjà àti ẹjọ́ dé bá Stores lẹ́yìn 1992, kò sí ilé tí àwọn alátìlẹ́yìn lè kóra jọ sí kí wọ́n fi di kíláàbù náà mú. Owó tó bá wọ inú eléré á bá eléré lọ.

Ti Tottenham ló le jù fún mi láti dáhùn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lo odindi sáà méjì ní Wembley, ilé onílé, kí wọ́n tó wọ pápá tuntun lóṣù Kẹrin ọdún 2019, síbẹ̀ wọ́n ṣe ipò kẹta àti ìkẹrin, wọ́n sì dé àṣekágbá Champions League lóṣù Kẹfà ọdún yẹn. Wọn ò ra eléré kankan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2018, wọ́n sì ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Pochettino, lọ kí ọdún 2019 tó parí. Ẹgbẹ́ tó ti gbó lè gbé ilé àyágbé fún sáà méjì. West Ham náà kì í ṣe onílé. Láti 2016 ni wọ́n ti wà ní pápá Olympic London, ọ̀nà eré sísá wà láàárín èrò àti eléré, àwọn alátìlẹ́yìn sì bínú débi pé àwọn kan ya wọ inú pápá nígbà tí Burnley ń nà wọ́n lóṣù Kẹta ọdún 2018. Àmọ́ wọ́n gba ife Conference League lọ́dún 2023, ife ńlá àkọ́kọ́ láti 1980. Kí ló mú wọn dúró? Àdéhùn ọdún 99 ló wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí gómìnà tó lè jí lọ́la kó ní òun fẹ́ fi pápá ṣe ìsìn tàbí ìpàdé òṣèlú, kí kíláàbù lọ wá ibòmíràn. Mo gbà nígbà náà pé kì í ṣe dandan kí kíláàbù ni bíríkì. Kí ibùgbé rẹ̀ dá a lójú ló ṣe kókó.

Ìdánilójú yìí ni Èkó ò ní. MFM fi pápá Agége ṣe ilé, wọ́n ṣe ipò kejì ní líìgì ọdún 2017, wọ́n sì gbá Champions League ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 2022 wọ́n jábọ́, Agége sì tún di pápá tí kò ní kíláàbù ńlá. Ikorodu City gòkè wá lọ́dún 2024, Oníkan, ní pápá Mobolaji Johnson, ni wọ́n sì ti ń gbàlejò. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ orúkọ ọmọ yìí wà ní Ìkòròdú, ilé rẹ̀ wà ní Erékùṣù Èkó. Kí n má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù, ọkọ̀ BRT láti Ìkòròdú ń dé TBS, èyí tí kò jìnnà sí Oníkan rárá, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lọ lè lọ. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lóṣù Kẹwàá ọdún 2024 náà ń gba Òṣòdì kọjá, ó sì ń dúró ní Agége. Ọ̀nà ti ń là. Ohun tó kù ni ìwé àdéhùn.

Àwọn kan á ní ìjọba ìpínlẹ̀ ò lè fi pápá tí owó ìlú kọ́ lé kíláàbù aládàáni kan lọ́wọ́, nítorí àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn sárésáré àti ẹgbẹ́ kéékèèké náà nílò rẹ̀. Òótọ́ ni, mo sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Àdéhùn kò ní láti jẹ́ ti gbogbo ọjọ́. Kíláàbù lè gba ọjọ́ ìgbáradì mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, àti ìpín tó ṣe kedere nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ti pátákó ìpolówó, fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, kí ọjọ́ tó kù jẹ́ ti ìlú. Ìjọba Èkó ló ni Teslim Balogun, òun ló ni Agége, òun náà ló ni Oníkan. Kò pọn dandan kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì kankan sí i kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó lè jáde.