Ẹja Tí Kò Kú, Tí Kò sì Rọ́mọ Bí

Bí májèlé bá wọ inú omi, òkú ẹja ni a máa ń retí láti rí. Ṣùgbọ́n irú májèlé kan wà tí kì í pa ẹja. Ìran rẹ̀ ni ó ń pa.

Èròjà tí ń ṣiṣẹ́ bí họ́mọ̀nù obìnrin wà nínú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. A máa bá ìtọ̀ wọ omi ẹ̀gbin, a sì máa ti ibẹ̀ dé odò. Láti 2001 sí 2003, Karen Kidd àti ẹgbẹ́ rẹ̀ da èròjà yìí sí adágún kan ní Ontario, ní ilẹ̀ Kánádà, láti fi ṣe ìwádìí. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 5 sí 6 nínú bílíọ̀nù lítà omi. Síbẹ̀, akọ ẹja wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohun tí abo fi ń ṣẹ̀dá ẹyin. Ẹyin tilẹ̀ hù nínú ẹpọ̀n àwọn mìíràn. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀; àwọn ẹja wọ̀nyí kò ní arọ́pò, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán.

Nígbà tí a dáwọ́ dúró, ẹja náà tún padà pọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n odò tí ẹ̀gbin ìlú ń ṣàn wọ̀ lójoojúmọ́ kò rí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wẹ ẹ̀gbin náà mọ́ kí ó tó dé odò.