Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Kò Lè Sọ̀rọ̀: Ojúṣe Òṣìṣẹ́ Áńbúláǹsì Lábẹ́ Òfin

Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ni ẹni tó ń bá ọkọ̀ áńbúláǹsì jáde lọ gbé ẹni tó fara pa tàbí ẹni tí àìsàn dédé kọlù, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí wọn yóò fi dé ilé ìwòsàn. Òun ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tó ń rí i pé aláìsàn ń mí dáadáa, tó ń fi igi ti eegun tó ṣẹ́ kó má baà mì. Ní Èkó, LASAMBUS tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2001 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Lójú pópó, FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, náà ní òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ tirẹ̀. Nọ́ńbà 112 ni wọ́n ń pè fún ìrànlọ́wọ́. Ohun tó mú kí òfin tẹjú mọ́ iṣẹ́ náà ni pé ẹni tí wọ́n ń tọ́jú kì í sábà lè gbèjà ara rẹ̀. Ó lè ti dákú. Òun kọ́ ló yan ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, kò sì lè béèrè bóyá onítọ̀hún kọ́ṣẹ́ yanjú. Gbogbo ẹ̀tọ́ tí ẹni tí ara rẹ̀ le ní ni òun náà ní, ọwọ́ òṣìṣẹ́ yìí ni wọ́n sì wà fúngbà díẹ̀.

Ojúṣe àkọ́kọ́ ni láti jẹ́ ìpè. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ kò láṣẹ láti ṣa aláìsàn ṣà. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Àìlówó lọ́wọ́ kì í ṣe ìdí. Ẹ̀yà, ẹ̀sìn, òórùn ọtí lẹ́nu, tàbí pé onítọ̀hún ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa jàǹbá náà, kò sí èyí tó tó ìdí nínú wọn. Ẹni tó bá rú òfin yìí lè san ìtanràn 100,000 náírà, ó lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, wọ́n sì lè fi méjèèjì jẹ ẹ́ níyà. Owó yẹn kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí tí kò láàrọ̀, ṣùgbọ́n pé òfin sọ kíkọ aláìsàn di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ gbé ènìyàn dé iwájú adájọ́, ohun ńlá ni. Ìlànà iṣẹ́ kàn fàyè gbà á kí òṣìṣẹ́ dúró ná bí wáyà iná bá já sílẹ̀ tàbí bí ìbọn bá ṣì ń dún níbẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ tó bá ṣubú ti di ẹlòmíràn tí wọn yóò tún wá gbé.

Nígbà tí àwọn tó fara pa bá pọ̀ ju ọkọ̀ lọ ni ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ yìí máa ń hàn jù. Ká ní bọ́ọ̀sì elérò 18 dojú dé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tó sì jẹ́ pé áńbúláǹsì kan ṣoṣo ló tíì dé. Ọkùnrin kan tó ṣẹ́ lápá ń ké, ẹbí rẹ̀ sì ti di òṣìṣẹ́ láṣọ mú pé òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé. Létí kòtò, obìnrin kan jókòó jẹ́ẹ́, ètè rẹ̀ ti ń funfun, kò sì dáhùn mọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Obìnrin yẹn ló kàn. Ẹni tó ń ké ṣì ń mí. Ẹni tó dákẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ikùn rẹ̀. Ìwọ̀n ewu tó wà lórí ẹ̀mí kálukú ló yẹ kó pinnu; ariwo, ipò, tàbí owó tí ẹnì kan fẹ́ rọra fi há òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ yí i padà. Awakọ̀ tó sáré àsápajúdé náà, bí ẹ̀mí tirẹ̀ bá wà nínú ewu jù, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé. Ó máa ń dun àwọn tó dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ awakọ̀ wà lọ́wọ́ adájọ́, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọ́síjìn dání.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ìbọn bà ló ti fa ìpayà jù ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 1984 lórí ìdigunjalè pa á láṣẹ pé ẹni tó bá tọ́jú ẹni tí wọ́n fura pé ọta ìbọn bà gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí lójú ẹsẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ọlọ́pàá sọ ọ́ di àṣà pé “Ìwé ọlọ́pàá dà?” ni ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, àwọn ènìyàn sì kú níbi tí wọ́n ti ń dúró de ìwé. Òfin ọdún 2017 lórí ìtọ́jú dandan fún àwọn tí ìbọn bà ló fòpin sí awuyewuye yẹn, ó kéré tán lórí ìwé. Gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ gba onítọ̀hún wọlé, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà tàbí kó má sí, owó ì báà wà nílẹ̀ tàbí kó má sí. Láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìwòsàn yóò tó ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Òfin náà kò dúró sórí àwọn oníṣègùn nìkan: ẹnikẹ́ni, títí kan ọlọ́pàá, ni ó pa á láṣẹ fún láti ṣe gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó bá lè ṣe. Ẹni tó bá kọ ojúṣe rẹ̀ sílẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí kó san 500,000 náírà, tàbí méjèèjì.

Kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kan àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ já gaara, ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Kò gba àkókò: “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ni mí. Mo fẹ́ yẹ ẹsẹ̀ yín wò, ó lè dùn yín díẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?” Ẹni tó bá ti dákú, òfin gbà pé ì bá ní kí wọ́n tọ́jú òun bó bá lè sọ̀rọ̀. Ibi tó le ni ibi tí aláìsàn ti ní òun kò fẹ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá sí i lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo. Obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára, ó sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí dá dókítà náà lẹ́bi, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ní kò jẹ̀bi: àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń ṣe láṣẹ lórí ara rẹ̀. Ti ọmọdé yàtọ̀. Nínú ẹjọ́ Esabunor àti Dókítà Faweya, tí ilé ẹjọ́ kan náà parí lọ́dún 2019, adájọ́ gbà pé ó tọ́ bí wọ́n ṣe fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ jòjòló lára bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kọ̀, torí ìgbàgbọ́ òbí kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí ọmọ. Fún òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń kọ̀ náà wà nínú ọpọlọ pípé. Ẹni tó forí gbá, ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tàbí tí ọtí ń pa lè máa sọ pé òun fẹ́ relé láìmọ ohun tó ń sọ. Bí orí rẹ̀ bá pé, wọn yóò ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́, yóò fọwọ́ síwèé lójú ẹlẹ́rìí, wọn yóò sì sọ fún un pé ó lè tún wọn pè nígbàkigbà.

Ìka tó bá tọ́ sí imú ni wọ́n fi ń ro ó, òfin sì rí i bẹ́ẹ̀. Abala 303 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá dáwọ́ lé ìtọ́jú ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní ìmọ̀ tó yẹ, kó sì fara balẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó yọ ọ̀ràn tó di kòṣeémánìí sílẹ̀, ìyẹn ló sì yẹ kó fi ọkàn ọlọ́jà tó fi gèlè rẹ̀ di ojú ọgbẹ́ fún àjèjì balẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà kò rí àǹfààní yẹn lò bẹ́ẹ̀. Wọn yóò fi ohun tí ojúgbà rẹ̀ tó mọṣẹ́ ì bá ṣe wọn tirẹ̀. Kí wọ́n tó lè gba owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ rẹ̀, olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ní ojúṣe sí aláìsàn, pé ó kùnà nínú rẹ̀, pé aláìsàn fara gbá a, àti pé ìkùnà yẹn gan-an ló fà á. Ọ̀ràn náà lè kọjá owó. Ní ìlú Aurora ní Amẹ́ríkà, lóṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì gún Elijah McClain, ọmọ ọdún 23 tí ọlọ́pàá ti dì mú, ní abẹ́rẹ́ amúnisùn ketamine tó tó mílígíráàmù 500, èyí tó pọ̀ ju ohun tó yẹ ẹni tó tóbi tó o lọ. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ dá méjì nínú wọn lẹ́bi ikú rẹ̀. Pé ọlọ́pàá wà níbẹ̀ kò yí i padà pé aláìsàn wọn ni.

Bí òṣìṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kò lè fi í sílẹ̀ àfi bó bá fà á lé ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ tó tirẹ̀ tàbí tó jù ú lọ lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kì í ṣe òpin iṣẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá jáde wá tó ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ́ aláìsàn sílẹ̀ kó máa lọ. Ọ́síjìn ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ nígbà tí wọ́n bá ń bá ilé ìwòsàn mìíràn sọ̀rọ̀. Ìfàlélọ́wọ́ náà ní bó ṣe ń lọ: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n bá lára aláìsàn, ìfúnpá rẹ̀, oògùn tí wọ́n fún un àti aago tí wọ́n fún un, aago tí wọ́n fún okùn mọ́ apá tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Aago ìkẹyìn yìí ṣe kókó, nítorí apá tí okùn bá pẹ́ lórí rẹ̀ jù lè kú.

Abala 26 nínú Òfin Ìlera ọdún 2014 náà ló dáàbò bo àṣírí aláìsàn. Àfi bí aláìsàn bá yọ̀ǹda lórí ìwé, bí òbí tàbí alágbàtọ́ bá béèrè fún ọmọdé tàbí ẹni tí kò lè yọ̀ǹda fúnra rẹ̀, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pa á láṣẹ, tàbí bí dídákẹ́ bá lè kó ìlera ará ìlú sínú ewu ńlá, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tú u síta. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè bá ara wọn sọ ọ́. Fóònù ló ń ba èyí jẹ́ jù lónìí. Kí òṣìṣẹ́ ya àwòrán aláìsàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò dára rárá, ojú ì báà má hàn níbẹ̀, torí mọ̀lẹ́bí lè fi aṣọ nìkan dá ènìyàn mọ̀. Ó tún yẹ kó fi aṣọ bo ẹni tó wà níhòòhò, kó sì ní káwọn tó ń ya fídíò sún sẹ́yìn. Òkú náà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀.

Bí ìwà ọ̀daràn bá wà nínú ọ̀rọ̀, ẹ̀mí ló ṣáájú, àmọ́ wọn kì í gé aṣọ gba ojú ihò tí ọta ìbọn tàbí ọ̀bẹ dá sí i, wọn kì í sì í gbá ibẹ̀ mọ́ kí ọlọ́pàá tó dé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ni wọn yóò kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ohun tí wọ́n rí, kì í ṣe èrò wọn. “Ẹnu rẹ̀ ń rùn fún ọtí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀” ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ “ọ̀mùtí.” Bí àṣìṣe bá wà nínú àkọsílẹ̀, ìlà kan ni wọ́n ń fà sí i láàárín kí ohun tó wà níbẹ̀ ṣì ṣeé kà, wọn yóò sì fọwọ́ sí i. Bí oògùn bá ṣèèṣì pọ̀ jù, wọn yóò sọ fún dókítà tó gba aláìsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ ni dókítà kò ní lè tún ṣe.