Ilé Omi ní Èkó àti Ìwé Antonio Olinto

Ìtàn-àròsọ kan wà tí ó jẹ́ ti Èkó, ṣùgbọ́n èdè Potogí ni a fi kọ ọ́. A Casa da Água, èyí tí í ṣe Ilé Omi, ni orúkọ rẹ̀. Antonio Olinto, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, ni ó kọ ọ́. Ìwé náà jáde ní 1969, ọdún kan náà tí Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí jáde, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1970. Àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì gbé àròsọ ka ayé àtijọ́ àwọn Yorùbá, ṣùgbọ́n ti Fálétí ni ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó yẹ kí a mọ ti Olinto pẹ̀lú, kí a sì mọ bí ó ti yẹ kí a kà á.

Ilé tí ìwé náà fi jẹ́ orúkọ kì í ṣe àròsọ. Òpópónà Kakawa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó wà. João da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní kékeré, ni ó kọ́ ọ lẹ́yìn tí ó padà wá sí Èkó ní àwọn ọdún 1870. Kànga wà nínú ilé náà, ibẹ̀ ni a sì ti ń ta omi fún àwọn ará ìlú. Èyí ni wọ́n fi ń pè é ní Ilé Omi. Ọmọ rẹ̀, Cândido, tí a bí ní Bahia ní 1860 tí ó sì kú ní 1959, di ọlọ́rọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Bí omi ti ṣe lè di ọrọ̀ kò ṣòro láti mọ̀: erékùṣù ni Èkó, omi iyọ̀ ni ó yí i ká, omi ẹ̀rọ láti Ìjù kò sì tíì dé. Ẹni tí ń gbé Ìgàndò lónìí, níbi tí onílé púpọ̀ ti ń gbẹ́ kànga fúnra wọn, kì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè iye tí omi tí ó mọ́ níí lórí.

Láti 1962 sí 1964 ni Olinto fi ṣiṣẹ́ ní Èkó fún ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ nípa ọ̀ràn àṣà. Ó wá àwọn ará Pópó Àgùdà rí, àwọn tí àwọn baba wọn ti oko ẹrú padà dé. Ọ̀kan nínú wọn ni Romana da Conceição, ẹni tí ó bá ọkọ̀ Aliança dé Èkó ní 1900 nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ìrìn náà pẹ́, àwọn mìíràn sì kú sójú òkun. Ìwé ìròyìn gidi nípa àwọn Àgùdà ni Olinto kọ́kọ́ kọ ní 1964, kí ó tó dáwọ́ lé àròsọ.

Nínú àròsọ náà, kì í ṣe ọkùnrin ni ó ni kànga. Mariana, ọmọbìnrin tí ó bá ìyá àti ìyá ìyá rẹ̀ ti Bùràsíìlì dé, ni ó ń ta omi títí ó fi lówó. Ọmọ rẹ̀ di Ààrẹ orílẹ̀-èdè kan tí ń jẹ́ Zorei, a sì pa á. Kò sí Zorei lórí máàpù. Ṣùgbọ́n ní January 1963, nígbà tí Olinto wà ní Èkó, ni a pa Sylvanus Olympio, Ààrẹ Tógò, tí ó jẹ́ ọmọ ìdílé Àgùdà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ìdílé da Rocha kò gbọdọ̀ fi Mariana ṣe ẹ̀rí. Síbẹ̀, àyípadà náà ní òótọ́ tirẹ̀. Orúkọ ọkùnrin ni ó sábà ń wà lára ilé. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹni tí ń pọn omi?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ní 2016, a wó Ìlọ́jọ̀ Bar ní Gbàgede Tinúubú, ilé Àgùdà tí ìjọba ti fi ṣe ohun ìrántí láti 1956. Ọjọ́ kan tó láti wó ilé. Olùkọ́ tí ó bá mú àwọn ọmọ rẹ̀ dé Kakawa, tí ó sì ka ìtàn Mariana fún wọn, yóò fi ohun méjì hàn wọ́n: ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí òǹkọ̀wé rí nínú rẹ̀. Ọ̀kan kò lè dípò èkejì.