Ẹnu Abẹ Gíréédà àti Yangí Ilẹ̀ Àkúrẹ́ òun Oǹdó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kì í rìn ju orí ọ̀nà ọ̀dà lọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ wà lóko, tí ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀ wá gbé e lọ sí Oǹdó tàbí Àkúrẹ́, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Gíréédà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń pè ní katapílà, ni ó ń tún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe.

Abẹ ńlá tí ó wà lábẹ́ gíréédà kò yẹ kí ó fi ara kan ilẹ̀ rárá. Irin pẹlẹbẹ kan ni a fi bóòtù dè mọ́ ẹnu rẹ̀, òun ni ó ń ha ilẹ̀. A ṣe é kí ó máa jẹ, kí abẹ fúnra rẹ̀ má baà jẹ.

Kí ni ó ń jẹ ẹ́? Òkúta granite àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí òkè Ìdànrè ti fi hàn. Òjò àti oòrùn ti sọ púpọ̀ nínú wọn di ilẹ̀ pupa àti yangí, ṣùgbọ́n quartz inú wọn kì í jẹrà. Ó kù gẹ́gẹ́ bí iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ funfun. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812, quartz wà ní 7, irin lásán sì wà ní nǹkan bíi 4 sí 5. Ohun tí ó le ni ó ń ha ohun tí ó rọ̀.

Ní 1953, J. F. Archard ṣe àlàyé pé bí ẹrù tí ó tẹ irin mọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ tó, tí ọ̀nà tí ó fi ń ha sì ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni jíjẹ rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Bí irin bá sì ṣe le sí i ni yóò ṣe dín kù.

Nípa líle, àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ̀ tipẹ́ pé àdá tí a ti inú iná tì bọ omi a máa le, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá le jù a máa kán. Ní 1882, Robert Hadfield ní Sheffield ṣe irin oní-manganese, tí ó túbọ̀ ń le bí òkúta ti ń lù ú. Ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń fi abẹ kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n máa ń fi tungsten carbide, tí ó tó nǹkan bíi 9, sí ẹnu abẹ. Ṣùgbọ́n bí irú èyí bá forí sọ àpáta tí ó yọ lójú ọ̀nà, ó lè fọ́. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà wa ni ó yẹ.

Nípa ẹrù, kò sí ohun tí a óò rà. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ dúró de ìgbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Kí ó má tẹ abẹ mọ́lẹ̀ ju bí iṣẹ́ ti fẹ́ lọ. Kí eré rẹ̀ má sì ju nǹkan bíi kìlómítà 8 ní wákàtí kan lọ, kí abẹ má baà máa fò lu òkúta.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹnu méjì ni irin pẹlẹbẹ yìí ní. Bí ọ̀kan bá ti jẹ, kí a tú bóòtù, kí a yí i padà. Bí èkejì bá jẹ, kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó dé ara abẹ. Ẹni tí ó bá ṣọ́ owó irin pẹlẹbẹ títí abẹ ńlá fi jẹ, owó bàbà ni ó pa mọ́, owó fàdákà ni ó sọ nù. Àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ wà lóko ni yóò sì san gbèsè náà.