« 7 Seconds »: orin elédè mẹ́ta àti ọmọ tuntun tí kò tíì mọ àwọ̀ ara rẹ̀

Ní ọdún 1994, orin kan jáde tí ó fi ọ̀sẹ̀ 16 gbáko jókòó sí ipò kìíní láàárín àwọn orin tí ó ń tà jù lọ ní ilẹ̀ Faransé. « 7 Seconds » ni àkọlé rẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá méje. Youssou N'Dour, ọmọ Dakar, àti Neneh Cherry, tí wọ́n bí ní Stockholm, ni wọ́n jùmọ̀ kọ ọ́. Àwọn àgbà láàárín wa rántí rẹ̀ láti inú rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì; àwọn ọ̀dọ́ bá a pàdé lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ègbè rẹ̀ lórí, a sì ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ orin ìfẹ́. Orin ìfẹ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara, ìran àti èdè ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí ilé wa ní Bantè àti Savalou.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn akọrin méjèèjì, nítorí pé ìran wọn wà nínú ohùn wọn. Ọdún 1959 ni wọ́n bí Youssou ní àdúgbò Médina ní Dakar. Láti ìdílé ìyá rẹ̀ ni ó ti jogún iṣẹ́ àwọn géwél, àwọn tí iṣẹ́ wọn láàárín àwọn Wolof jọ ti arọ́kin ààfin lọ́dọ̀ tiwa: àwọn ni wọ́n ń pa ìtàn ìran mọ́, tí wọ́n sì ń ki ènìyàn títí orí rẹ̀ yóò fi wú. Kí Yúróòpù tó mọ orúkọ rẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Super Étoile de Dakar, ti gbé orin mbalax ga ní gbogbo Sẹ̀nẹ̀gàlì. Ní ti Neneh, ọdún 1964 ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀, Moki, oníṣẹ́ ọnà ará Swídìn ni. Bàbá tó bí i, Ahmadu Jah, onílù ni, ó wá láti Sierra Leone tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Don Cherry, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú orin jáàsì, ni ó tọ́ ọ dàgbà gẹ́gẹ́ bí ọkọ ìyá rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè rìn jìnnà ní Yúróòpù kí wọ́n tó bi í léèrè ibi tí ó ti wá gan-an.

Wolof ni orin náà fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbólóhùn kan péré tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára orin Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn kan ti máa ń bu ìlù Áfíríkà díẹ̀ sínú orin tiwọn bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹsẹ àkọ́kọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni Neneh gbà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ègbè náà sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, Youssou tún wọlé pẹ̀lú Faransé. Kò sí èdè kan nínú orin náà tí ó dúró láti túmọ̀ èkejì. Ẹni tí kò gbọ́ Wolof yóò kọ́kọ́ jókòó sí ipò àlejò, yóò máa fetí sílẹ̀ bí ọmọ ilé ti ń sọ̀rọ̀. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni agbára orin náà wà, ju inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ sì rántí irú ọdún tí 1994 jẹ́. Ní oṣù kìíní, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì: franc Faransé kan tí a ń fi 50 rà di 100, gbogbo ohun tó ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Ní oṣù kẹrin, àwọn dúdú Gúúsù Áfíríkà dìbò yan ìjọba orílẹ̀-èdè wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, Mandela sì wọlé. Ní oṣù kẹrin yẹn kan náà, ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ ní Rùwáńdà, láàárín àwọn tí àwọ̀ ara wọn kò yàtọ̀ síra. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, òfin Pasqua ti ọdún 1993 ti mú kí ọ̀nà há mọ́ àlejò, òfin Toubon sì jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1994 láti dáàbò bo èdè Faransé nínú ìpolówó ọjà àti níbi iṣẹ́. Nínú ọdún yẹn gan-an ni ohùn Wolof ń ti inú àwọn rédíò ilẹ̀ náà jáde, tí àwọn ọmọ Faransé sì ń fi owó ara wọn rà á. Òfin ní ọ̀nà tirẹ̀, etí ènìyàn ní tirẹ̀.

Stéphane Sednaoui, ọmọ Faransé, ni ó ya fíìmù orin náà, kò sì fi àwọ̀ sí i: dúdú àti funfun bíi fọ́tò àtijọ́ ni. Orin tí ń sọ nípa àwọ̀ ara kò ní àwọ̀!

Ohun tí orin náà dúró lé ni pé nínú ìṣẹ́jú-àáyá méje àkọ́kọ́ tí ọmọ bá dé ayé, kò tíì mọ wàhálà àti ìwà ipá tí ń bẹ níbẹ̀; kò tíì mọ̀ pé àwọ̀ òun lè di ẹ̀ṣẹ̀ lójú ẹlòmíràn. A gba apá kan èyí. Apá kejì ni a kò lè gbà láìjanpata. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í dé ayé ní òfìfo. Bí ó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wá, orúkọ ti bá a dé: Òjó tàbí Àìná. Bí ó bá dojú bolẹ̀ wá, Àjàyí ni. Bí ẹsẹ̀ bá ṣíwájú, Ìgè ni. Kò dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìyá àgbà tí ó bá sì gbé e yóò ti máa fi oríkì ìdílé pè é kí omi tó gbẹ lára rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni ìran, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tanú. Ìran bá ọmọ wá. Ẹ̀tanú, àgbàlagbà ni ó kọ́ ọ. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, a ó máa rò pé kí àlàáfíà tó wà, àfi kí olúkúlùkù gbàgbé ilé baba rẹ̀. Ó jọ pé orin náà fúnra rẹ̀ mọ èyí, nítorí pé ohùn tí Youssou fi ṣí i, ohùn ìdílé géwél ni, ohùn tí a fi ń ki ènìyàn pẹ̀lú orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀.

Nígbà ìjọba amúnisìn Faransé, ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti kórìíra ara rẹ̀. « Symbole » ni wọ́n ń pè é: pákó, eegun tàbí ohun ìtìjú mìíràn tí wọ́n ń so kọ́ ọrùn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Kò ní bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi bí ó bá gbọ́ èdè abínibí lẹ́nu ọmọ mìíràn, kí ó sì gbé e kọ́ ìyẹn lọ́rùn. Ẹ wo ọgbọ́n burúkú: ọmọ dúdú ń ṣọ́ ọmọ dúdú. Wọ́n ti bọ́ ọ kúrò lọ́rùn. Kò dá wa lójú pé ó ti kúrò lọ́kàn.

Lójú ọ̀nà tí ó ti Dassa gba Savalou àti Bantè lọ sí Djougou, èdè ń yí padà láti ìlú dé ìlú. Mahi ni a ń gbọ́ jù ní Savalou. Ifè wà ní apá Tchetti. Bí a bá dé Bantè, Gouka tàbí Pira, Itcha ni. Itcha àti Ifè, ọmọ ìyá Yorùbá ni wọ́n. Mahi, ẹbí Fon ni. Kò sí òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ a mọ bí a ti ń fi ohùn ẹnu ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà lọ́jà. Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ọmọ Itcha tí wọ́n sọ fún pé Yorùbá rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, nítorí pé kò dún bíi ti Ọ̀yọ́ tàbí bíi ti fíìmù tí ó ti Èkó wá. (Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi ń kọ ìwé ìròyìn yìí kí ọ̀pọ̀ lè kà á, a kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni ní Bantè pé bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ kò dára.) Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà tí Savalou bá ń ṣe ọdún iṣu tuntun, àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Cotonou àti ní òkè òkun a máa bá òbí wọn wálé. Ìyá àgbà a kí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ a wo ojú ìyá rẹ̀ kí ó lè túmọ̀ fún un. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò yẹ kí ó pa wá lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ní Benin náà, ọdún 1994 kò kọjá láìlórin. Ọdún náà ni Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah, tí ó ti fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ lọ sí Paris ní 1983, gbé àwo « Ayé » jáde, pẹ̀lú « Agolo » nínú rẹ̀. Fon àti Yorùbá wà lára àwọn èdè tí ó fi ń kọrin. Ó ti sọ fún àwọn oníròyìn pé nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 15, òun gbọ́ nípa ìyà tí ìjọba apartheid fi ń jẹ àwọn dúdú Gúúsù Áfíríkà, inú bí òun, òun sì kọ orin tí ó kún fún ìkórìíra. Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní gba ìkórìíra láàyè nínú ilé òun, kí ó lọ tún un kọ. Ó tún un kọ, ó sì di orin àlàáfíà. Bàbá náà kò ní kí ó gbàgbé ìyà tí wọ́n fi jẹ dúdú.

Àwọn ọ̀dọ́ Bantè àti Savalou ń gba orin tiwọn sílẹ̀ lórí fóònù lóde òní, a sì ti tẹ́tí sí díẹ̀ nínú wọn. Ohùn wà, ìlù wà, ọ̀rọ̀ kò sì wọ́n wọn. Àṣà kan ni a kíyè sí: Faransé ni ó máa ń ṣíwájú tí ó sì ń rọ́ ìtàn, Itcha tàbí Mahi a wá wọlé níbi ègbè, gbólóhùn méjì péré, kí orin lè ní adùn ilé. Youssou àti Neneh ṣe é ní ìdàkejì: Wolof ni ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ègbè, Faransé sì dúró títí ó fi kàn án.