San, dá, tọrẹ: ohun tí «contribution» ń dà ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Djègan-Kpèvi

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo, contribution, àti ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá mẹ́ta tí ó lè gba ipò rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń kówó jọ. Èmi fúnra mi ni mo ṣi ọ̀kan lò nínú wọn níwájú àwọn òbí, àṣìlò náà sì ná ìyá àgbà kan lówó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Djègan-Kpèvi jẹ́ àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu. Ìtumọ̀ kpèvi ní èdè Gùn ni «kékeré». Djègan-Daho, ìyẹn «Djègan ńlá», wà pẹ̀lú. Ọmọ tí a bí sí àdúgbò yìí lè gbọ́ èdè mẹ́ta kó tó mọ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́: Gùn lójúde, Yorùbá lẹ́nu ìyá tàbí bàbá rẹ̀, Faransé nínú rédíò. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìjọ Kristẹni kan ló dá a sílẹ̀, kò sì tóbi: kíláàsì kan péré ni ìpele kọ̀ọ̀kan ní, láti sixième títí dé terminale. Níbẹ̀ ni mo ti ṣe BEPC. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà níbẹ̀, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ohun gbogbo. Mo ti dàgbà kí n tó kọ́ bí a ti ń kọ èdè ìyá mi sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá dé ibi tí mo ti ṣìnà.

Òjò ìrọ̀lẹ́ kan ló ká páànù orí kíláàsì méjì. Ẹgbẹ́ àwọn òbí, tí gbogbo wa ń pè ní APE, pe ìpàdé ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ka lẹ́tà rẹ̀ ní Faransé, olùkọ́ kan túmọ̀ rẹ̀ sí Gùn, wọ́n sì ní kí èmi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, nítorí pé ọmọ ilé ni mí, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo sì ń kà ní yunifásítì. Lẹ́tà náà bèèrè fún «une contribution volontaire de 5.000 francs par élève». Olùkọ́ tó túmọ̀ sí Gùn lo nunina. Nu ni «nǹkan», na ni «fún». Nunina ni ohun tí a fi fún ni, ẹ̀bùn. Èmi ní tèmi sọ pé: «Kí òbí kọ̀ọ̀kan san ẹgbẹ̀rún márùn-ún fáráǹsì lórí ọmọ kan, tinútinú.»

Màmá àgbàlagbà kan dìde lẹ́yìn, wọ́n ní: «Ọmọ mi, gbèsè wo la jẹ ilé ẹ̀kọ́?»

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé màmá ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, mo sì dá wọn lóhùn pé: «Ẹ má bínú, màmá, ohun tí ìwé wí nìyẹn.» Màmá jókòó. Ọmọ ọmọ wọn mẹ́ta ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni mo gbọ́ pé wọ́n ti lọ bẹ olórí èsúsú wọn ní ọjà Ouando kí ó jẹ́ kí àwọn kó ti oṣù náà, nígbà tí kò tíì kàn wọ́n, kí wọ́n lè rí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún san. Owó tí wọ́n ìbá fi ra gaàrí sí ìsọ̀ ni. Nínú gbọ̀ngàn kan náà, ní ọjọ́ kan náà, àwọn tó ń gbọ́ Gùn gbọ́ ẹ̀bùn, àwọn tó ń gbọ́ Yorùbá sì gbọ́ gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Faransé náà, nítorí pé òun pàápàá kò mọ́. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, contribution scolaire ni orúkọ owó tí ìjọba fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Òbí tó bá ní ọmọ kan ní CEG, tó sì ní òmíràn ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun tí òfin mú dandan àti fún ohun tí a kàn ń bẹ̀ ẹ́ fún. Ẹni tó kọ lẹ́tà náà mọ èyí. Ìdí nìyẹn tó fi fi volontaire kún un. Ṣùgbọ́n ó tún dá iye lé e. Ẹni tó ń fi tinútinú ṣe nǹkan kì í sábà ní iye tí a kọ sílẹ̀ dè é.

Kò yà mí lẹ́nu pé ilé ẹ̀kọ́ kékeré ń wá owó báyìí. Lọ́dún 1975, lábẹ́ ìjọba Kérékou, àtúntò ètò ẹ̀kọ́ kó àwọn ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù sábẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn àpérò orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990, òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún kan náà ṣí ilẹ̀kùn padà ní abala rẹ̀ kẹrìnlá: a lè dá ilé ẹ̀kọ́ àdáni tàbí ti ẹ̀sìn sílẹ̀ bí ìjọba bá fọwọ́ sí i, irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè rí ìrànwọ́ owó gbà. Gbogbo ẹrù gbólóhùn náà wà lórí «lè» yẹn. Nígbà tí páànù bá ká, ọ̀dọ̀ òbí àti ọmọ ìjọ la ń lọ.

Ó kan Yorùbá wàyí. San ni ọ̀rọ̀-ìṣe gbèsè. A ń san owó orí, a ń san owó ilé, a ń san gbèsè. Láti inú rẹ̀ náà ni ẹ̀san ti wá. Ẹni tó bá ń san nǹkan, ọrùn rẹ̀ ti wà lábẹ́ nǹkan náà kí a tó ké sí i. Nítorí náà ni tinútinú tí mo fi kún un kò ṣe ràn wá lọ́wọ́: ẹni tó fi tinútinú san gbèsè, gbèsè ló ṣì san. Ẹ wo gbólóhùn wọ̀nyí, tí mo fi bi àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bóyá wọ́n lè sọ wọ́n:

(1) Mo ti san án tán.
(2) Ó ku ẹgbẹ̀rún kan tí n óò san.
(3) Mo ti dá tèmi.
(4) ?Èmi nìkan ló dá owó náà.
(5) *Ó ku ẹgbẹ̀rún kan tí n óò tọrẹ.

San ní òpin, ó sì ní àṣẹ́kù. (1) àti (2) kò fa àríyànjiyàn. Tọrẹ kò ní àṣẹ́kù, nítorí pé ohun tí ọwọ́ bá gbé sílẹ̀ ni ọrẹ, kò sí ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí mo ka (5) sí létí rẹ́rìn-ín. Dá ló ṣòro jù. Ní (3), ohun tí mo dá ni «tèmi», ìyẹn ni pé tìrẹ wà níbì kan, tiwọn náà sì wà. Nígbà tí mo ka (4), ìbéèrè tí ó ń padà wá ni: «Ìwọ àti ta ni?» Olùwà dá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀, bí a kò tilẹ̀ dárúkọ àwọn yòókù. (Dá ti «dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀» àti dá ti «dá nìkan ṣe é» kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa, ojú kan náà ni wọ́n ní, iṣẹ́ wọn yàtọ̀.)

Bí a bá kọ gbólóhùn náà ní òdì, ó tún hàn síwájú sí i. «Kò san» jẹ́ ẹ̀sùn. «Kò dá» ń sọ pé ẹnì kan kò sí láàárín wa. «Kò tọrẹ» kò fi ẹnikẹ́ni sùn. Bóyá kò rí i ṣe ni. Ìwé orúkọ kan wà ní ọ́fíìsì, ti àwọn tí kò tíì mú owó páànù wá. Mo bi àwọn òbí mẹ́rin léèrè ohun tí wọn yóò kọ sí orí rẹ̀ ní Yorùbá. «Àwọn tí kò tíì san» ni gbogbo wọn sọ. Ìwé orúkọ fúnra rẹ̀ ń fa san.

Èsúsú ni ilé dá. Samuel Johnson ṣàpèjúwe èsúsú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ní 1952, William Bascom kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kà. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ bá ti Ouando mu: iye kan náà, àkókò kan náà, ẹnì kan kó o, ó kan ẹlòmíràn. Owó tí a bá dá ń padà wá. Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí dá lè dé nínú ìtàn ilé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ ká wo méjì lára wọn ní Nàìjíríà. Ní 1859, kí Thomas Babington Macaulay tó ṣí CMS Grammar School ní Èkó, J.P.L. Davies gbé àádọ́ta pọ́n-ùn kalẹ̀ fún ìwé àti irinṣẹ́. Ẹnì kan ni. Èdè kò gbà wá láyè láti sọ pé Davies «dá» owó náà. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Atúnlùṣe ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ni, níbẹ̀, «wọ́n dáwó» bọ́ sí i láìfi ipá wọlé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò lo ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kòtìsé ni wọ́n ń sọ, láti inú cotiser. Yorùbá kò ní kọ́ńsónáǹtì z, nítorí náà s ló gba ipò rẹ̀. Àwọn ọmọ Gùn, tí èdè wọn ní z, pè é bó ti wà. Ohùn òkè máa ń jókòó sórí sílébù tó gbẹ̀yìn. Àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ, kí wọ́n tó fa àsíá sókè: ọmọ mẹ́ta nínú kàkí wọn ń kòtìsé kí wọ́n lè ra àtàsì kan lọ́wọ́ ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, kí wọ́n sì jọ fi ṣíbí kan jẹ ẹ́. Kíláàsì troisième ń kòtìsé láti fi da ìwé ìdánwò àtijọ́ kọ, nítorí BEPC ń bọ̀. Nígbà tí bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan kú, responsable kíláàsì gbé fìlà kan kiri, kò sì wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ti ń lò ó. Dá ń fẹ́ àbọ̀, ìbáà ṣe owó, tèmi tàbí èsúsú. Kòtìsé kò fẹ́. Ẹni tó mú 25 fáráǹsì wá àti ẹni tó mú 200 wá, gbólóhùn kan náà ni wọn yóò sọ: «Mo ti kòtìsé.» Iye bọ́ sílẹ̀, ìtìjú sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí la cotisation bá ti ọ́fíìsì wá, àwọn ọmọ kan náà a sọ fún ìyá wọn nílé pé «wọ́n ní ká san kòtìsé». Ó ti di orúkọ, ó sì ti padà sábẹ́ san.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń yẹra fún gbogbo èyí, òun ni kermesse. Ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà: láti èdè àwọn ará Netherlands ni, níbi tí kerk ti jẹ́ ilé ìjọsìn, tí mis sì jẹ́ máàsì. Nígbà kermesse, rà ni ọ̀rọ̀-ìṣe owó. A ra àkàrà, a ra tíkẹ́ẹ̀tì tombola, a ra iṣu níbi gbàǹjo ìkórè ní ìlọ́po owó rẹ̀ lọ́jà, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ọrẹ ni. Ẹni tí kò rà, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Mo kíyè sí ohun kan síi. Bí Kristẹni bá jẹ́jẹ̀ẹ́ ní gbangba láti fún ilé ẹ̀kọ́ ní nǹkan, ọrẹ rẹ̀ ti di gbèsè, nítorí pé san ni ọ̀rọ̀-ìṣe ẹ̀jẹ́ nínú Bíbélì Yorùbá. Àwọn òbí Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí mọ́sálásí ńlá rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Bàbá kan tó fi ọmọbìnrin rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ yìí sọ fún mi pé òun ṣe sàráà. Kò san, kò sì dá.

Mo gbé gbogbo èyí lọ bá ìgbìmọ̀ APE, mo sì jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. A jókòó láti kọ lẹ́tà mìíràn, ní Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí. Wákàtí kan kọjá lórí ọ̀rọ̀ kan. Mo dámọ̀ràn tọrẹ. Akápò kọ̀ jálẹ̀: «Bí ẹ bá pè é ní ọrẹ, wọn yóò mú igba fáráǹsì wá bí ti ọjọ́ Ìsinmi, òjò yóò sì tún pa àwọn ọmọ.» N kò rí èsì fún un. A tún jiyàn lórí bóyá a ó kọ ọ́ ní tọrẹ tàbí tɔrɛ, bí álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè Benin ti wí; ti Bíbélì ló borí, nítorí òun ni ojú àwọn òbí mọ̀. Níkẹyìn a kọ ọ́ báyìí: «Ẹ jẹ́ ká dá owó òrùlé, kí kálukú mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá.» Kíá ni òbí kan bèèrè pé: «Èló wá ni tèmi?» Ó tọ̀nà. Ẹni tó bá mọ èsúsú mọ̀ pé dá máa ń ní iye.

Mo lọ kí màmá ní Ouando, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé pé èmi ni mo túmọ̀ ìwé náà ní òdì, àti pé akápò ti gbà láti dá owó wọn padà. Wọ́n wò mí. «Èyí tí mo bá san ni ẹ lè dá padà fún mi,» ni wọ́n wí. «Ẹ ti ní kò sí gbèsè. Nígbà náà, mo ti bá yín dá a.» Wọ́n wá bèèrè iye tí ìyá tó jókòó tì wọ́n dá, ìyá náà ní òun kò tíì lọ.

Akápò ń fún gbogbo ẹni tó bá mú owó òrùlé wá ní reçu. Èdìdì kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì ní, PAYÉ ló sì wà lára rẹ̀.