Òróró tí kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ní ọjà Ogbete ní ìlú Enugu, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri Nàìjíríà, òróró tí a kọ sí ara ike rẹ̀ pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kò ṣọ̀wọ́n. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò sí òróró èso tàbí ti irúgbìn kankan tí ó ní in tó ohun tí à ń kà.

Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ara. Ọ̀rá líle inú oúnjẹ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ kó èyí tí ó léwu kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ti yẹ. A wá lẹ̀ mọ́ iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn, ọ̀nà a sì há.

Ẹni tí ó bá ti rí epo pupa tí ó dì nígbà ọyẹ́ ti fojú rí ọ̀rá yìí. Nǹkan bí ìdá 50 nínú 100 epo pupa ni; ti òróró àgbọn ju 80 lọ, ti òróró ẹ̀pà kò ju nǹkan bí 20. Epo pupa ni wọ́n fi ń po ọkpa tí Enugu fi lókìkí. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má jẹ ẹ́, bí a kò bá ti sọ epo di omi ọbẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni ọ̀rá trans, tí ó máa ń wà nínú òróró tí a fi ẹ̀rọ sọ di líle. Láti 2023, òfin NAFDAC kò gbà kí ó ju ìdá 2 nínú 100 ọ̀rá inú oúnjẹ.

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ó pọ̀ jù kì í sábà fi àmì hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.